Òpó Kẹrin Àwòrán Akólẹ́tà

Mo ṣí fìlà, mo sì ṣèlérí níwájú gbogbo yín pé ìtàn yìí kò ní gùn. Bó bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ nílé. Òótọ́ ni, látòkè délẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í purọ́. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ẹni mímọ́ o. Òpùrọ́ gbọ́dọ̀ rántí ohun tó sọ lánàá, ọkùnrin yìí kì í sì í rántí ibi tó gbé sísọ́ọ̀sì sí láàárọ̀.

Alẹ̀wé ni wọ́n ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan tó fẹ̀ tó ibùsùn méjì, pẹ̀lú yàrá kékeré kan lẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìdánwò. Síbẹ̀, àwòrán ńláńlá ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó máa ń pín àwòrán ńlá sí ewé pépà kéékèèké. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ètò náà ní Gékínlẹ̀. Gékínlẹ̀ á pín in, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan, tọkọtaya á kúnlẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ẹ bá dúró lókèèrè, ẹ ò ní mọ̀ pé ewé ló so mọ́ra. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ẹ wá ìjà wá nìyẹn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Gékínlẹ̀ kì í pín àwòrán géérégé. Etí ewé kọ̀ọ̀kan máa ń tún ohun tó wà ní etí ewé tó kàn án tẹ̀, ní ìwọ̀n ìka méjì. Etí àlẹ̀pọ̀ ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Bí bọ́tìnì kan bá wà ní etí ewé yìí, bọ́tìnì yẹn kan náà gbọ́dọ̀ wà ní etí ìkejì. Wọ́n á gbé ọ̀kan lé èkejì lórí, bọ́tìnì á bo bọ́tìnì, gọ́ọ̀mù á wọlé, ó parí. Ọdún mọ́kànlá ni Alẹ̀wé ti ń ṣe é. Etí méjì ò bá ara wọn jiyàn rí lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan, lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá férémù ilẹ̀kùn. Ojú òsì rẹ̀ ti kú. Tọ̀tún ń kú lọ. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni dókítà ojú fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, dókítà náà ò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ó lè ríran, ó sì lè má ríran mọ́ láéláé.

"Àbúrò," ó ní, "ohun tó bá tóbi tó ilẹ̀kùn nìkan ni mò ń rí báyìí. Ìwọ gan-an, bí òjìji lo ṣe rí lójú mi."

"Ìyàwó mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ojú tiẹ̀ sì dáa."

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti yàrá ẹ̀yìn. "Òjìji sàn. Òjìji kì í béèrè oúnjẹ."

Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó sì lo àǹfààní ìkúnlẹ̀ yẹn láti yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Òun ló ra sálúbàtà búlúù tó wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, pé kó rí nǹkan wọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ kejì ni okùn tòsì já. Òwú pupa ló fi rán an, torí kò rí òwú búlúù.

"Ó ṣì ń dì í mú, ìyàwó mi," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ìránṣọ ẹ ò dáa, àmọ́ ó lágbára."

Ó jókòó. Ó mú fọ́tò kan jáde nínú àpò, fọ́tò tó tó àtẹ́lẹwọ́.

Fọ́tò ọkọ rẹ̀ ni, tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Akólẹ́tà ni ọkùnrin náà nígbà ayé rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ẹsẹ̀ rìn pín lẹ́tà, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ pé iṣẹ́ ti tán. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ á máa rìn lábẹ́ tábìlì. Gbogbo fọ́tò tó yà ló ṣú bí èéfín. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ìyàwó hàn kedere, ọkọ dà bí ohun tí wọ́n fi àkísà nù tí kò tán. Fọ́tò kan ṣoṣo yìí ló mọ́. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni wọ́n yà á, níwájú ilé wọn. Ọkùnrin náà dúró gangan, ó kọjú síwájú, àpò lẹ́tà ń bẹ ní èjìká òsì. Ilẹ̀kùn ilé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tì. Ní apá ọ̀tún, ògiri lásán.

"Báwo lẹ ṣe mú un dúró?" Alẹ̀wé béèrè.

"Ọgbọ́n ni mo ta. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn." Ó fi ìka pa ojú fọ́tò náà, bí ẹni ń nu eruku. "Mo fẹ́ kó tóbi bó ṣe tóbi. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí n tó lọ bá àwọn dókítà. Bí wọ́n bá ṣí ojú mi lọ́jọ́ kejì tí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, kó jẹ́ pé òun ni mo rí kẹ́yìn."

Alẹ̀wé gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe pé ó rẹwà," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Alẹ̀wé gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà. Gékínlẹ̀ ṣe ìṣirò: ewé mẹ́rìnlélógún. Mẹ́rin ní ìbú, mẹ́fà ní òró. Ewé mẹ́fà tó bá tò láti òkè délẹ̀, òpó kan ni wọ́n ń kà á sí. Òpó mẹ́rin, nígbà náà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀. Kíì-kẹ́. Kíì-kẹ́. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níta. Ó gba wákàtí kan ó lé díẹ̀. Wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí wé etí.

"Bàbá wọn."

"Hẹ̀n."

"Ẹ wá wo bọ́tìnì yìí."

Bọ́tìnì kan wà níbi ikùn akólẹ́tà. Ní ìsàlẹ̀ ewé tòkè, àárín gbùngbùn ló wà. Ní òkè ewé tó tẹ̀ lé e, ó ti sún sí ẹ̀gbẹ́. Ìwọ̀n ìka kan.

"Íńkì ni," Alẹ̀wé ní.

"Íńkì ló sún bọ́tìnì?"

"Òjò ni. Pépà ti fa omi, ó wú."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ó wò ó. Ojú ọkùnrin náà kọjú síwájú, dáadáa. Èjìká rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Ikùn yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi dé ẹsẹ̀, imú bàtà méjèèjì ti kọjú sí ilẹ̀kùn.

Alẹ̀wé lọ wo fọ́tò inú kọ̀ǹpútà. Bàtà kọjú síwájú. Ó padà wá wo ilẹ̀. Bàtà kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó tún lọ. Ó tún bọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyàwó rẹ̀ ní kó jókòó, kó má lọ di akólẹ́tà.

"Bí ẹni pé ó ń yí padà," obìnrin náà sọ jẹ́jẹ́, "bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀."

"Pépà ló wú, Ìyá wọn."

Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, iṣẹ́ tí etí rẹ̀ ò bá mu, ó ti di ìdọ̀tí. Wọn kì í jù ú nù. Orí tábìlì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kí wọ́n lè máa fi gọ́ọ̀mù pa ẹ̀yìn iṣẹ́ mìíràn lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún akólẹ́tà nìyẹn, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sì lẹ àwòrán odindi ilé ẹ̀kọ́ kan lórí rẹ̀. Inú ìdọ̀tí yẹn ni ojú tó kọjú síwájú wà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, Alẹ̀wé ra pépà tuntun, ó sì tún àwòrán náà tẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Láti orí ni ọkùnrin náà ti yẹ̀. Etí kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ìdajì imú. Ní ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti gun ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Inú ibẹ̀ dúdú.

"Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí lánàá," ìyàwó rẹ̀ ní.

Alẹ̀wé dìde. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ó yọ íńkì, ó mì í, ó dá a padà. Ó yọ Gékínlẹ̀ kúrò, ó tún un kó sínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo oògùn tó mọ̀ fún ẹ̀rọ ló lò. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìpàkọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀wù. Àpò lẹ́tà tó ń wọlé lọ. Ní ìlà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, gìgísẹ̀ kan ṣoṣo.

Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ àwọn ewé tí ojú wà nínú wọn nìkan. Gékínlẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí Gékínlẹ̀ kì í gbà. Ewé méjì jáde. Pákó ilẹ̀kùn ni. Pákó lásán, ó tì, ó ń dán díẹ̀, bí ẹni pé òjò pa á.

Nínú kọ̀ǹpútà, akólẹ́tà dúró gangan, ó ń wò ó.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Òjò náà ti dá. Alẹ̀wé gbọ́ bí sísọ́ọ̀sì ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó mọ̀ pé òun ti mú un dání.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí ìdọ̀tí orí tábìlì. Tọkọtaya dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Wọ́n fi omi sí i, wọ́n fi èékánná yọ ọ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, irun ojú kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo ojú akólẹ́tà.

"Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lágogo mẹ́rin," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Màá sọ pé pépà wú."

Ní agogo mẹ́rin, ọwọ́ kan wá férémù ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ti gbé báàgì ilé ìwòsàn dání. Ó wọlé, ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń yí ojú kiri, ó ń wá ohun tó tóbi tó ilẹ̀kùn. Kò rí nǹkan kan.

"Ó dà?"

Alẹ̀wé ti múra irọ́ sílẹ̀. Bó ti ń wo ojú kan tó kù yẹn, bó ṣe ń wá kiri ara ògiri, irọ́ náà wó sí i lọ́fun.

"Ẹ̀gbọ́n. Kò fẹ́ dúró."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rín kékeré kan wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò dúró rí," ó ní. "Ẹ mú mi dé ìdí ẹ̀rọ yẹn."

Wọ́n mú un jókòó sórí àpótí kan. Ó gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ, bí èèyàn ṣe ń gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yìí, ayàwòrán ti bínú, ó ti ń kó ẹrù rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún Akólẹ́tà pé, 'Ẹ dúró, mò ń bọ̀ wá dúró tì yín.' Ó sì dúró. Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ń retí mi. Ayàwòrán sì rí tiẹ̀ yà."

"Ẹ ò wá lọ dúró tì í?" ìyàwó Alẹ̀wé béèrè.

"Omi ń hó lórí iná. Mo ní ó dọjọ́ mìíràn." Ó tẹ orí ba lé ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Akólẹ́tà. Èmi ni. Ẹ dúró. Mò ń bọ̀ wá dúró tì yín."

Alẹ̀wé wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Alẹ̀wé tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ.

Kíì-kẹ́. Kíì-kẹ́.

Wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń mì lábẹ́ àpótí, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Alẹ̀wé rí i. Ó fi ojú fò ó.

Wọ́n kó ewé mẹ́rìnlélógún lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀. Ojú wà. Ó kọjú síwájú. Bọ́tìnì bo bọ́tìnì. Imú bàtà bo imú bàtà. Ilẹ̀kùn tì. Alẹ̀wé fẹ́ẹ̀ fò sókè.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ò dún ju mímí lọ. "Òpó kẹrin."

Òpó kẹrin, ògiri lásán ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ewé kìíní láti òkè, ògiri. Ìkejì, ògiri. Ìkẹta àti ìkẹrin, ògiri. Ní ewé karùn-ún, etí aṣọ obìnrin kan ti yọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lórí ewé kẹfà, ẹsẹ̀ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ akólẹ́tà. Sálúbàtà búlúù ló wà níbẹ̀. Okùn tòsì, òwú pupa ni wọ́n fi rán an.

Ìyàwó Alẹ̀wé mọ ìránṣọ ara rẹ̀.

"Bóyá wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," Alẹ̀wé ní.

"Ọdún méjìlá sẹ́yìn? Àbámẹ́ta ni mo ra bàtà yẹn."

"Bóyá..."

"Ẹ má sọ fún mi pé pépà wú."

Wọ́n ń gbọ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń mí ní iwájú. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ, ẹ̀gbẹ́ òkú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti dúró. Wọn ò gbìmọ̀. Alẹ̀wé kàn na ọwọ́, ìyàwó rẹ̀ sì fi sísọ́ọ̀sì sí i. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá, kò gé àwòrán oníbàárà rí. Ó yọ òpó kẹrin kúrò, ó gé etí àlẹ̀pọ̀ òpó kẹta mọ́, kò fi ohun tó fẹ̀ tó okùn kan sílẹ̀. Wọ́n lẹ òpó mẹ́ta tó kù, wọ́n gbé e jáde sí iwájú, wọ́n gbé e dúró sára ògiri.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó rìn lọ bá a, ó sún mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pépà. Omi kan ṣàn jáde lójú tó ṣì ń ríran. Lẹ́yìn náà, láti ojú tó ti kú.

"Kò fá irùngbọ̀n dáadáa lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo sì sọ fún un."

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó yọrí sí rere. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń retí ìròyìn mìíràn; ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú dígí lójú. Kò wá férémù mọ́.

"Àbúrò, o ti sanra báyìí? Òjìji tó o jẹ́ tẹ́lẹ̀ sàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Ó mú fọ́tò kékeré náà jáde.

"Mo gbé e wé èyí tó wà lára ògiri mi. Fọ́tò fẹ̀ ju àwòrán lọ. Apá ọ̀tún kan wà tí mi ò rí."

"Pépà ló tán, Ẹ̀gbọ́n. Ògiri lásán ni."

"Mo rí i pé ògiri ni. Kì í ṣe torí ògiri ni mo ṣe ń béèrè." Ó yọ dígí, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. "Lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá sílé, iwájú ló ń wò. Mo rí i dáadáa. Láti ìjẹta, ọ̀tún ló ń wò. Ibi tí ẹ gé."

Alẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì.

"Ojú tuntun ni," ni ìyàwó Alẹ̀wé sọ kíákíá. "Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀."

"Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ojú mi." Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ so. "Bí ẹ bá rí apá yẹn, ẹ mú un wá fún mi. Ó jọ pé ó ń retí nǹkan."

Òpó kẹrin wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ká a, wọ́n fi rọ́bà dè é, wọ́n gbé òkúta lé e. Wọn ò lè sun ún. Ta ni ó máa sun ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Alẹ̀wé ò tíì tú u wò. Ìyàwó rẹ̀ tú u wò lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ jáde. Kò sọ ohun tó rí. Ó kàn ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó lọ ra sálúbàtà mìíràn, aláwọ̀ ilẹ̀, ó gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ju ti búlúù nù.

"Kí ló ṣe é?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í. "Ṣebí ìwọ lo rán an."

Ti búlúù náà ló ṣì ń wọ̀.

Mo ti mú ìlérí mi ṣẹ, ó ku tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ pàdé obìnrin kan tó wọ dígí, tí òwú pupa wà lára bàtà òsì rẹ̀, tó sì bi yín pé ewé mélòó gan-an ni wọ́n fi ṣe àwòrán ọkọ òun, ẹ má ṣe wo ojú rẹ̀, ẹ má sì ṣe wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ pé méjìdínlógún. Ẹ sọ pé méjìdínlógún péré ni.